Ẹ Di Àwọn Òṣìṣẹ́ Yẹn Lókùn

Bíírò pupa ni wọ́n fi sàmì sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ó ku ọjọ́ 11 kí eré wa jáde, akọ̀wé ẹ̀ka wa na àpòòwé ńlá kan sí mi, kò sì wò mí lójú. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta ọ́fíìsì, mo ṣí i. Àmì pupa 32 ló wà nínú ìwé eré náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba 14 nínú wọn: ẹrú. Àwọn tó kù ni òpònú, ọmọ àlè, ará oko, àti èpè kan tí mi ò ní kọ síbí torí pé màmá mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Lẹ́tà kan wà lókè rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ eré wò ti ka eré wa, inú wọn dùn sí akitiyan àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n èdè àbùkù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn fi dípò gbogbo ibi tí wọ́n sàmì sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ họ́ọ̀lù ò ní ṣí.

Inú bí mi gan-an. Ọmọ ọdún 23 ni mí nígbà yẹn, mo sì gbà pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tí tíátà wà fún.

Ní ẹ̀ka tíátà tiwa, ẹni tó bá yan ìdarí eré ní ọdún tó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gbé eré kan sórí ìtàgé, òun ni wọ́n fi máa fún un ní máàkì. Mi ò ní dárúkọ ọgbà náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń mú eré tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, èmi ní tèmi fẹ́ eré tuntun, lórí ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtì jà láyé àtijọ́. Àwa mẹ́ta la jọ kọ ọ́: ọmọ Ìbàdàn kan, ọmọ Èkìtì kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Òkè-Ìmẹ̀sí, àti èmi ọmọ Ìjẹ̀bú. Àwọn méjèèjì ní èmi ni kí n máa ṣe onílàjà láàrin wọn, bí ẹni pé Ìjẹ̀bú ò mọ nǹkan kan nípa ogun náà. Àwa kọ́ la dí ọ̀nà tí Ìbàdàn ń gbà ra ẹ̀tù?

Ogun Kírìjì ni mò ń sọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ìgbódò, ìlú tí à ń pè ní Òkè-Ìmẹ̀sí lónìí. Abẹ́ Ìbàdàn ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà nígbà yẹn. Ìbàdàn a fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kó sì máa jẹ́ ojú àti etí àwọn olóyè ogun. Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a wọ oko olóko, wọn a kó ẹran ẹlẹ́ran, wọn a fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Ní 1878, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ náà, bí ilẹ̀ ṣe gbóná nìyẹn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíràn di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé Ìléṣà di olórí ogun wọn. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó jẹ́ olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ọdún 1893 ni ibùdó tó tú ká.

Ìwé ìtàn Yorùbá ti Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, la kọ́kọ́ gbé ka iwájú. Ìran Ọ̀yọ́ ni Johnson, Ìbàdàn ló sì ti ṣiṣẹ́ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú yẹn náà ló fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Nítorí náà a wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, a lọ gbọ́ tẹnu àwọn àgbà. Ọmọ Èkìtì inú wa padà dé, ó fẹ́ kí ajẹ́lẹ̀ burú látòkè délẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní ajẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwíjàre tirẹ̀: ta ló dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní 1840? Bí kì í bá ṣe Ìbàdàn, ta ni ìbá ṣẹ́ kù ní Èkìtì tí wọn yóò máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Òru mẹ́ta la fi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì sọ eré náà deré. Ajẹ́lẹ̀ wa gbà tọkàntọkàn pé òun ló gba àwọn èèyàn wọ̀nyí là. Nígbà tó bá pè wọ́n ní ẹrú, ojú tirẹ̀ kò rí i bí èébú, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ló ń kà fún wọn. Kì í pariwo, kì í dijú. Ó máa ń jẹ obì bó ṣe ń sọ ọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni bíírò pupa ti pọ̀ jù.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi bá mi tọrọ àyè kí n lọ sọ tẹnu mi níwájú ìgbìmọ̀. Mi ò sùn mọ́jú. Ọjọ́ kejì, mo kó ìwé lọ bí agbẹjọ́rò. Àgbà márùn-ún ló jókòó yí tábìlì ká, mo kí wọn, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sílẹ̀. Mo ní ọba kì í pọ̀kọrin. Mo ní ní ilẹ̀ Kétu, bí ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá jáde lóru, kò sí ẹni tí kò lè bú, olówó, olóyè, àní ìyá tó ń tajà lọ́jà, ẹnikẹ́ni kì í sì í mú un. Mo dé orí Hugh Clapperton, òyìnbó tó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, tí Aláàfin ní kí àwọn eléré ṣeré fún. Ọ̀kan nínú wọn yọ ní òyìnbó, ó funfun, ó gbẹ, òtútù ń mú un, ó ń ra ọwọ́ pọ̀. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá fi Hubert Ògúndé, ọ̀gá eléré tíátà, kádìí rẹ̀, bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré rẹ̀ Yorùbá Ronú, tí òfin náà kò kúrò títí di 1966 tí àwọn ológun dé. Mo ní ta ni ìtàn dá láre? Mo rántí pé ohùn mi lọ sókè níbẹ̀.

Bàbá kan wà láàrin wọn, irun rẹ̀ ti funfun tán, òun ló ń dẹ́rìn-ín músẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo tún fi Òkèbàdàn, ọdún àwọn ará Ìbàdàn, kún un, mo ní níbi tí àgbà ìjòyè ti ń gbọ́ orin tí etí kò yẹ kó gbọ́, tí gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín, báwo ni tiwa ṣe wá di èdè àbùkù?

Ó ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ mélòó ni Òkèbàdàn lọ́dún?”

Mo ní ọjọ́ kan ni, sà.

“Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ta ló tún lè kọrin yẹn níwájú ìyá rẹ̀?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ní tòótọ́, mo mọ ohun tó ń sọ: ìgbà ló fún ẹnu láyè, bí ìgbà bá lọ, àyè náà lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rò nínú ara mi pé ṣebí orí ìtàgé náà ní àyè tirẹ̀, ṣebí iná máa ń kú, a sì máa ń lọ sílé. Mi ò tètè rí i sọ. Wọ́n ní àwọn ọba méjì ń bọ̀ lọ́jọ́ tí eré máa wáyé, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkìtì kún inú ọgbà, àwọn ò fẹ́ ìjà ìgboro. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ohun kan ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Èèyàn mẹ́fà ló kú nínú eré yẹn. A fi sóbò ṣe ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣàn dé etí ìtàgé. Kò sí àmì pupa kankan níbẹ̀. Ní apá kejì eré, òyìnbó kan wá láti Èkó, ó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó pe gbogbo àwọn tó wà ní ibùdó ogun ní “savages”, ó pe olóyè kan ní “bastard”. Bíírò fò ó. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e, olóyè yẹn bínú, ó ní “ọmọ àlè ni ìwọ gan-an.” Bíírò yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o! Àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì kò débi ara wọn. Èyí tí ìyá wọn lè gbọ́ ló ta wọ́n létí. Ìwọ̀fà náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ọmọ ọdún méje tí wọ́n fi dúró fún owó tí bàbá rẹ̀ jẹ, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Bóyá torí pé ọ̀rọ̀ náà ti kú lẹ́nu àwọn èèyàn ni. Ẹrú kò tíì kú ní tirẹ̀, mi ò sì bi ara mi léèrè ìdí.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ti fi pẹ́ńsù kọ àbá sí ẹ̀gbẹ́ ẹrú àkọ́kọ́: òṣìṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú rere ló fi kọ ọ́. Èmi wò ó, mo ní ó dáa. Àwọn tá a jọ kọ eré náà fẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ tó sàn jù, bóyá “ẹni tí a fi ogun mú”, bóyá ká fi ìṣe rọ́pò ọ̀rọ̀ pátápátá. Mo kọ̀. Mo ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n fẹ́, òṣìṣẹ́ la ó fún wọn, ní ibi 14, kí gbogbo ọgbà wá wò ó. Ìbínú ló sọ̀rọ̀ yẹn. Mo fi eré tí mo fẹ́ràn san ẹ̀san lára àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń san ẹ̀san.

Alẹ́ àkọ́kọ́, họ́ọ̀lù kún, àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọba jókòó níwájú. Ìran kẹta dé: wọ́n ti kó àwọn obìnrin mẹ́rin wọlé, okùn ti wà nílẹ̀, onílù ti dákẹ́ bí a ṣe sọ fún un. Ajẹ́lẹ̀ bu obì jẹ, ó ní jẹ́jẹ́, “Ẹ di àwọn òṣìṣẹ́ yẹn lókùn.”

Ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan kọjá. Lójijì ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn, “Ẹ pe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ o!”

Họ́ọ̀lù tú. Kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín, àwọn ìjòyè tó tẹ̀ lé ọba náà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ajẹ́lẹ̀ gbìyànjú, ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń dúró dè é. Nígbà tó wí pé òṣìṣẹ́ ló bí wọn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa kú, ẹnìkan béèrè owó oṣù.

Nínú àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn, ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọmọ ọdún kejì ni ní ẹ̀ka wa, kò ga, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Òwe kan ni a fi sí i lẹ́nu, òwe tí gbogbo wa mọ̀: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Bíírò ti yí ẹrú méjèèjì inú òwe náà ká. Nítorí náà lálẹ́ yẹn, ọmọbìnrin yìí dìde pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó wo iwájú, ó ní, “Òṣìṣẹ́ kú, ìyá ò gbọ́.” Ẹ̀rín bo ìyókù mọ́ ọn lẹ́nu. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ẹ má bínú sí mi, inú mi ń dùn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ wò ó, ìgbìmọ̀, ẹ wo ohun tí ẹ ṣe.

Lẹ́yìn eré, mo bá a níbi tó ti ń nu àtíkè nù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìgbìmọ̀ fún un, mo ní kó má bínú, wọ́n ti ba òwe rẹ̀ jẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

“Àǹtí, inú mi dùn nígbà tí wọ́n ní ká yọ ọ́.”

Mo ní kí ló ń sọ.

Ó ní ní ìlú àwọn, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀, tàbí tí ọmọ ilé wọn bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé kan, ohun tí wọ́n máa ń pe ilé àwọn nìyẹn. Kì í ṣe láyé ogun o, ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ní bàbá bàbá wọn àgbà kan ló fi ogun wá, ìdílé náà ò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Àlàyé kékeré ló ṣe, bí ẹni tó ń sọ nípa òjò. Ó wá ní, “Ní rìhásà, àwọn bọ̀ọ̀dá máa ń fi ń ṣeré. Wọ́n á ní, ẹrú, lọ ra omi wá. Ẹrú, gbé àga yẹn.”

Mo rántí. Ní búkà tí a ti ń jẹun lẹ́yìn rìhásà ni. Wọ́n ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà jù, wọ́n ń sọ ọ́ bí ajẹ́lẹ̀ wa ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú obì lẹ́nu. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí èmi gan-an ti rán ẹnìkan ní omi bẹ́ẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá ìgbìmọ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè gbọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìtàgé, mi ò sì gbọ́ èyí tí wọ́n ń sọ létí mi lójoojúmọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ̀yin lẹ ń jà fún un.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: ìgbìmọ̀ ló jàre, kí ọ̀rọ̀ náà máa lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ló bá bínú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìbínú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní èmi náà kò tún gbọ́. Ó ní èyí tí ajẹ́lẹ̀ ń sọ, òun lè gbé láìsí i. Ṣùgbọ́n òwe yẹn, tòun ni. Ìyá àgbà òun ló máa ń pa á nígbà tí wọ́n bá ti bú wọn tán, tí wọ́n ti wọlé ti ilẹ̀kùn. Ìparí rẹ̀ ló máa ń tẹnu mọ́: ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Ìdí tóun fi gba ipa náà nìyẹn. “Ẹ gba èyí tó jẹ́ tèmi lẹ́nu mi, ẹ wá fi pa èèyàn lẹ́rìn-ín.” Ó ní “ẹ”, kò ní “wọ́n”. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Alẹ́ kejì, àwọn ọba kò sí níbẹ̀ mọ́, èèyàn dín kù. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ jókòó ní ìlà kẹta. Mi ò sọ ohunkóhun fún ọmọbìnrin náà, kò sì sọ fún mi. Ajẹ́lẹ̀ pe òṣìṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá kàn án. Ó dìde, ó dúró títí ẹ̀rín fi gbẹ tán, ó pa òwe náà bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń pa á. Ẹrú méjèèjì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fọhùn. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ajẹ́lẹ̀ ló yẹ kó fèsì, ó gbàgbé láìnì rẹ̀, ó kàn ń wò ó. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi dúró bẹ́ẹ̀, onílù ló gbà wá sílẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ìwé kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi rú òfin ìgbìmọ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni olùdarí, èmi ni kí wọ́n bi. Ọ̀rọ̀ náà wọ ilẹ̀ lọ bí ọ̀pọ̀ ìwé inú ọ́fíìsì. Máàkì tí mo gbà kò dára tó bí mo ṣe fẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá nítorí rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a tún eré náà ṣe níta ọgbà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan, kò sí ìgbìmọ̀ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé ìdùnnú ńlá ni máa fi dá gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí mo jókòó tì í, ẹrú 14 pọ̀ jù. Òǹkọ̀wé tó ń gbádùn ẹnu ara rẹ̀ ló kọ mẹ́sàn-án nínú wọn, kì í ṣe ajẹ́lẹ̀. Mo dá márùn-ún padà: mẹ́ta fún ajẹ́lẹ̀, méjì inú òwe. Nígbà tí ó kéré, ó wúwo. Mo sì ṣòfin ní rìhásà pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ìtàgé lọ sí búkà máa san ₦200. Owó yẹn pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a fi ra mínírà. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó san mọ́. Ọmọ Èkìtì tá a jọ kọ ọ́ ṣì ń bá mi jiyàn pé mo ti bẹ̀rù di ìgbìmọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti ọgbà mìíràn. Ó ti rí ìwé eré náà lọ́wọ́ ẹnìkan, ó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tirẹ̀. Mo ní kó máa ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún pè.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Àwọn olùkọ́ wa ń kọminú nípa ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn. Ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n bá wọn fà á?”

Mo bi í pé ta ló ń ṣe obìnrin tó pa òwe.

Ó dárúkọ rẹ̀ fún mi.

“Ṣé o ti bi í?”

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà, mà.”